Rọ́bà háńdù ọ̀kadà: ohun tẹ́ẹ máa ń bi mí nípa yíyàn ẹ̀ àti wíwọ̀ ẹ̀

Ọ̀kadà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, Boxer, TVS, Qlink àti Jincheng, ni mo ní lọ́kàn jù, àmọ́ ẹni tó ń gun páwà báìkì náà á rí nǹkan mú níbẹ̀. Tọ́rótù tí mo bá ń wí, ibi tẹ́ẹ ń yí lọ́wọ́ ọ̀tún tí ẹ́ńjìnnì fi ń sáré nìyẹn.

Rọ́bà tó bá ọ̀kadà mi wá ṣì wà níbẹ̀, kí ló dé tí mo fi máa pààrọ̀ ẹ̀?

Tó bá ṣì dáa, ẹ fi sílẹ̀ jàre, ẹ lọ fowó yẹn ra bíréèkì. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ná. Ẹ di tọwọ́ òsì mú, kẹ́ẹ lọ́ ọ síwá sẹ́yìn dáadáa, kẹ́ẹ tún fà á síta. Tó bá ń yí lórí irin, tàbí tó ń rọra jáde, ó ti tó pààrọ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tẹ́ẹ bá já sí kòtò tí gbogbo ara yín wá lọ sórí háńdù, rọ́bà yẹn á bọ́, ọwọ́ yín á sì bá a lọ, ẹ ò ní rí klọ́ọ̀ṣì fà mọ́. Tọwọ́ ọ̀tún tún wá burú jùyẹn lọ torí orí ike tọ́rótù ló wà, tó bá ń yọ̀ ọwọ́ yín á ti yí tán kí ẹ́ńjìnnì tó mọ̀ pé ẹ ń bá òun sọ̀rọ̀, ẹ wá rò ó wò pé iwájú tírélà lẹ wà lórí márosẹ̀ Ìbàdàn nígbà yẹn.

Àwọn àmì tó kù ò ṣòro rí: ojú ẹ̀ ti jẹ tán ó ń dán, etí ẹ̀ ti ya, tàbí ó ti ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ tó ń kun àtẹ́lẹwọ́ dúdú. Èyí tó ń lẹ̀ yẹn, oòrùn pẹ̀lú pẹtiróò àti gíríìsì ọwọ́ mẹkaníìkì ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, ẹ fi gbogbo ọṣẹ ayé fọ̀ ọ́, kò ní padà sípò.

Báwo ni mo ṣe máa mọ sáìsì tó bá ọ̀kadà mi mu?

Ibí lowó ti ń ṣòfò jù. Irin háńdù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀kadà, látorí Boxer títí dórí àwọn Honda àti Yamaha ńlá, mílímítà 22 ni ìbú ẹ̀ níbi tí rọ́bà ń wọ̀. Harley-Davidson àtàwọn tó fara jọ ọ́ ló ń lo 25.4, ìyẹn íǹṣì kan gbáko. Háńdù kan tún wà tó sanra láàárín, wọ́n ń pè é ní fat bar, 28.6 ni níbi tí wọ́n ti dè é mọ́ ọ̀kadà àmọ́ ó máa ń padà tín-ín-rín sí 22 lápá méjèèjì, nítorí náà rọ́bà 22 náà lẹ máa rà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín.

Tẹ́ẹ ò bá ní kálípà, ìyẹn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìbú nǹkan, ẹ wá òwú, ẹ wé e lẹ́ẹ̀kan péré yí irin háńdù níbi tí rọ́bà ò bò, ẹ fi bírò sàmì síbi tó ti pàdé, kẹ́ẹ wá tẹ́ ẹ sórí rúlà. Tó bá jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 69, 22 nìyẹn. Tó bá sún mọ́ 80, 25.4 ni. Òwú yẹn ò ní parọ́ fún yín bíi ẹni tó ń tajà.

Gígùn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ máa ń wà láàárín mílímítà 115 sí 130. Ẹ wọn èyí tó wà lórí ọ̀kadà yín látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí tuntun bá gùn jù, á máa ti bọ́kìsì ibi tí họ́ọ̀nù àti íńdíkétọ̀ wà, tàbí kó jáde kọjá orí irin kó máa jù fìrìfìrì. Tó bá kúrú jù, irin òfìfo á yọjú, ìka yín lá sì máa wà níbẹ̀.

Mo ra méjì, ọ̀kan wọlé, èkejì ò wọlé. Ṣé wọ́n ti gbá mi ni?

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gbá yín. Ihò rọ́bà méjèèjì ò dọ́gba. Tọwọ́ òsì máa ń bọ́ sórí irin tààrà, 22 ni. Tọwọ́ ọ̀tún máa ń bọ́ sórí páìpù ike tọ́rótù, ike yẹn sì ti fi kún ìbú irin, ó máa ń tó bíi 24 tàbí 25, nítorí náà rọ́bà tiẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo inú ihò méjèèjì, èyí tó fẹ̀ ni tọ̀tún. Tẹ́ẹ bá wá rí i pé méjèèjì fẹ̀ bákan náà tàbí tín-ín-rín bákan náà, ẹ dá a padà, rọ́bà kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n kó sínú ọ̀rá tí wọ́n ń tà bíi ti ọ̀kadà. Ẹ ò gbọ́dọ̀ gbà fún ẹni tó bá ní kẹ́ẹ wé tépù dúdú mọ́ irin òsì kó lè sanra tó o. Oòrùn ọ̀sán á yọ́ gọ́ọ̀mù tépù yẹn, rọ́bà á máa yí.

Lára àwọn ọ̀kadà kan, rọ́bà ọ̀tún àti ike tọ́rótù jọ ń wá pa pọ̀ ni, wọ́n ti lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Tí tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, tẹ́ẹ bá gé rọ́bà kúrò ẹ rọra ṣe, àbí kẹ́ẹ kúkú ra méjèèjì pa pọ̀.

Èwo ni kí n rà nínú rọ́bà lásán, fóòmù, jẹ́ẹ̀lì, àti èyí tó ní irin?

Ẹni tó ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, rọ́bà lásán tó rọ̀ díẹ̀ ni mo máa ń ní kó rà. Ó ń gba òjò, ó ń gba oòrùn, kò wọ́n, tó bá sì bàjẹ́ kò sí ẹ̀dùn ọkàn. Fóòmù rọ̀ lóòótọ́, ó sì ń gba gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì mọ́ra dáadáa, àmọ́ ó ń fa omi òjò àti òógùn mu, tí ò bá sì tíì gbẹ lówùúrọ̀ ẹ máa di omi mú títí dé ibi iṣẹ́. Jẹ́ẹ̀lì wà láàárín méjèèjì, ó dáa fún ẹni tó ń rìnrìn àjò, ohun tí mo rí sí i ni pé tó bá ti lè ya báyìí ó ti parí. Èyí tó ní irin àlùmíníọ̀mù tó ń dán, tí wọ́n fi òrùka rọ́bà há a láàárín, torí ẹwà ni. Ẹ gbé e sínú oòrùn aago méjì ọ̀sán kẹ́ẹ wá dì í mú, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ. Tòjò bá sì rọ̀, á máa yọ̀. Fún ọ̀kadà tẹ́ẹ fi ń ṣe fáàrí lópin ọ̀sẹ̀, ẹ máa jayé yín, mi ò bá yín jà.

Ojú rọ́bà náà ṣe pàtàkì. Èyí tó ní igun kéékèèké káàkiri máa ń mú ọwọ́ dáadáa nínú òjò, àmọ́ tẹ́ẹ ò bá wọ ìbọ̀wọ́ ó lè máa họ àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó ní ìlà gbọọrọ rọra ń tu ọwọ́ lára. Mo fẹ́ràn kẹ́ẹ di í mú ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́ẹ tó sanwó, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tẹ́ẹ bá ń wọ̀ ọ́.

Ọwọ́ mi máa ń kú tí mo bá gùn ún pẹ́. Ṣé rọ́bà tó nípọn máa yanjú ẹ̀?

Ó lè ràn yín lọ́wọ́, kì í ṣe pé ó máa yanjú gbogbo ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì onípísítìnnì kan ló wà lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wa, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn á gba irin háńdù wá sọ́wọ́. Kì í ṣe nǹkan kékeré o, àwọn dókítà mọ àìsàn tó ń mú àwọn tó ń di ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n mú lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, ìka wọn á máa funfun, á máa ta ṣìnṣìn, wọn ò sì ní mọ nǹkan lára mọ́ dáadáa. Nítorí náà ẹ má kàn máa gbọn ọwọ́ dànù kẹ́ẹ máa lọ.

Rọ́bà tó rọ̀ tó sì nípọn díẹ̀ á gba lára ẹ̀ mọ́ra. Irin wúwo tí wọ́n ń há sẹ́nu háńdù náà wà, bar end lorúkọ ẹ̀, ó máa ń dín gbígbọ̀n kù gan-an. Ẹ tún yẹ àwọn bọ́ọ̀tì tó de ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọ̀kadà wò, torí mo ti rí ọ̀pọ̀ tó lọ ra jẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi nígbà tó jẹ́ pé bọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì ló tú. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ kéré kó má ra èyí tó nípọn jù, torí tí ìka ò bá lè ká a, iṣan apá á máa ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ìrora tó ń sá fún á tún wá gba ọ̀nà ibòmíì yọ. Ẹ má sì máa di háńdù mú gírígírí bí ẹni ń bá a jà.

Báwo ni mo ṣe máa yọ ti àtijọ́?

Tẹ́ẹ ò bá fẹ́ ẹ mọ́, ẹ fi abẹ là á látòkè délẹ̀ kẹ́ẹ bó o. Lọ́wọ́ òsì ẹ lè gé e wọ̀ ọ́ dé irin, kò sí wàhálà. Lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ ṣọ́ra gidi, ike ló wà lábẹ́, tí abẹ bá ya ike yẹn, ike tuntun lẹ máa rà.

Tẹ́ẹ bá ṣì fẹ́ lò ó, ẹ ti sukudiráfà tín-ín-rín wọ abẹ́ etí ẹ̀, ẹ da sípíríìtì tàbí omi ọṣẹ díẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ẹ máa yí i títí táá fi gbà. Àmọ́ ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni ti fọ̀kanáísà. Ẹ ní kó ki ẹnu páìpù atẹ́gùn ẹ̀ bọ abẹ́ etí rọ́bà, kó fẹ́ ẹ fẹ́ẹ́, rọ́bà á wú, ẹ ó sì fà á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ láìfi nǹkan kan ya á. Kí ẹnikẹ́ni má dúró sọ́ọ̀kán ẹ̀ o, torí ó lè fò jáde bí ọta. Atẹ́gùn kan náà ni wọ́n fi ń ti tuntun wọlé, tí ẹni tó dì í mú bá mọ̀ ọ́n ṣe.

Tí irin bar end bá wà lẹ́nu háńdù, ẹ kọ́kọ́ tú u. Súkúrù ibẹ̀ máa ń le gan-an, ẹ lo sukudiráfà tórí ẹ̀ bá a mu rẹ́gí, kẹ́ẹ fi òòlù lù ú lórí díẹ̀ kẹ́ẹ tó yí i, kó má baà jẹ orí súkúrù.

Kí ni kí n fi pa á kó tó lè wọlé?

Ìbéèrè yìí ló ń fa ìjà jù lọ́dọ̀ àwọn mẹkaníìkì, kálukú ló ní tiẹ̀. Ohun tẹ́ẹ ń wá ni nǹkan tó máa yọ̀ báyìí kó wọlé, tó sì máa gbẹ pátápátá tàbí kó di mú tó bá yá.

Èyí tó dáa jù ni gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún un gan-an, irú èyí tí Renthal àti ProGrip ń tà. Tó bá tutù ó ń yọ̀, tó bá gbẹ ó di mú. Tẹ́ẹ ò rí i, ẹ lo sípíríìtì, ó ń fò lọ kíákíá kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Síprèé irun tí àwọn onídìrí ń lò náà dáa, ẹ fọ́n ọn sínú rọ́bà àti sórí irin, ẹ ti i wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, torí ó máa ń lẹ̀ tó bá ti gbẹ. Omi ọṣẹ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó gbẹ lábẹ́ rọ́bà pàápàá lásìkò òjò, ó sì lè jẹ́ kí irin dípẹtà. Pẹtiróò ni mo máa ń fi nu irin nìkan kó lè mọ́, mi ò kì í fi ti rọ́bà wọlé, ó máa ń mú kí rọ́bà wú, kò sì yẹ kẹ́nì kan máa mu sìgá nítòsí.

Ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì, gíríìsì, WD-40, epo pupa, ẹ má dán an wò. Á wọlé kíákíá lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ náà lá ṣe máa jáde kíákíá. Súpàgúlù ńkọ́? Ó máa ń gan kó tó dé ibi tẹ́ẹ fẹ́, á dúró ní ìdajì ọ̀nà, ẹ ò sì ní lè tì í síwájú tàbí fà á sẹ́yìn. Gọ́ọ̀mù ṣúmẹ́kà náà ní ìwà yẹn díẹ̀.

Ohun yòówù kẹ́ẹ lò, ẹ nu irin àti ike náà mọ́ fónífóní kó sì gbẹ kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù lẹ lò, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Mo mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ dílífà ò ní fẹ́ gbọ́ ìyẹn, àmọ́ ẹ ṣe é ní alẹ́ Sátidé.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún?

Tẹ́ẹ bá máa ka ìdáhùn kan péré nínú gbogbo èyí, èyí ni kẹ́ẹ kà. Rọ́bà òsì tí wọn ò wọ̀ dáadáa á máa yọ yín lẹ́nu. Rọ́bà ọ̀tún tí wọn ò wọ̀ dáadáa lè mú kí tọ́rótù há, kí ọ̀kadà máa sáré lọ nígbà tẹ́ẹ ti fọwọ́ sílẹ̀.

Ẹ má ti rọ́bà yẹn títí á fi gbá bọ́kìsì tọ́rótù. Ẹ fi àlàfo mílímítà kan tàbí méjì sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́nu ìta náà, tí irin bar end bá wà, ó gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀ sí rọ́bà, kó má fara kàn án. Ẹ tún kíyè sí gọ́ọ̀mù: orí ike nìkan lẹ máa pa á sí. Tí ìyókù ẹ̀ bá ṣàn wọ àárín ike àti irin, tọ́rótù á lẹ̀ mọ́ háńdù pátápátá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ò gbọ́dọ̀ fi gíríìsì tó ki sí abẹ́ ike yẹn, ìdọ̀tí á lẹ̀ mọ́ ọn, á máa fà á sẹ́yìn.

Tẹ́ẹ bá parí, kẹ́ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ yí tọ́rótù dópin kẹ́ẹ wá fi sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó gbọ́dọ̀ fò padà fúnra ẹ̀, pẹ̀lú ariwo "ká" kékeré. Tó bá rọra ń padà bí ẹni ń sùn, ẹ má gùn ún. Ẹ yí háńdù sósì dópin, ẹ dán an wò, ẹ yí i sọ́tùn-ún dópin, ẹ tún dán an wò. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ tan án kó dúró síbi kan, fíríì kó wà, kẹ́ẹ tún yí háńdù lọ síwá sẹ́yìn, tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá lọ sókè nígbà tẹ́ẹ yí i, kébù, ìyẹn wáyà tí tọ́rótù ń fà, ló ń nà, ẹ wo ibi tó gbà kọjá. Tọ́rótù tún gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀ tí ọwọ́ máa yí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa kébù, ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ń fẹ́ nǹkan bíi mílímítà 2 sí 6, nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń tún un ṣe wà lára kébù náà.

Tí tọ́rótù bá wá há lójú ọ̀nà, ẹ fa klọ́ọ̀ṣì, kẹ́ẹ pa ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú bọ́tìnnì tàbí kọ́kọ́rọ́, kẹ́ẹ tó wá ibi tẹ́ẹ máa yà sí. Ẹ má kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jà pẹ̀lú tọ́rótù.

Mo rí àwọn tó fi wáyà de rọ́bà. Ṣé ó pọn dandan?

Fún àwọn tó ń sáré nínú ẹrẹ̀ àti lórí òkè, ó wúlò gan-an, torí ẹ̀ ni ojú rọ́bà wọn fi ní kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wáyà máa jókòó sí. Ẹni tó ń gun ojú pópó lásán, gọ́ọ̀mù tó dáa ti tó. Tẹ́ẹ bá máa ṣe é, wáyà tí kì í dípẹtà ni kẹ́ẹ lò, ẹ fi páláyà lọ́ ọ, ẹ gé e kúrú, kẹ́ẹ tẹ ẹnu ẹ̀ wọ inú rọ́bà lápá tí àtẹ́lẹwọ́ ò ní kàn. Ẹnu wáyà ń gún ọwọ́ kọjá ìbọ̀wọ́.

Ọ̀nà míì tó tún rọrùn ni èyí tí wọ́n ń fi súkúrù fún mọ́ háńdù, irú ti ODI. Kò fẹ́ gọ́ọ̀mù, kò fẹ́ síprèé, ẹ kàn ti i wọlé kẹ́ẹ fún súkúrù. Ẹ rí i dájú pé ti ọ̀kadà ni, pé ìbú ẹ̀ bá ike tọ́rótù yín mu, kẹ́ẹ má sì fún un ju bó ṣe yẹ lọ, ike á ya.

Ẹnu rọ́bà tí mo rà dí, ọ̀kadà mi sì ní irin bar end. Kí ni ṣíṣe?

Ẹ gé e. Ẹ ti i wọ orí irin dópin, kẹ́ẹ wá máa fi òòlù lu ẹnu ẹ̀ yípo, etí irin á gé e ní rogodo fúnra ẹ̀, ó máa ń mọ́ ju ti ọ̀bẹ lọ.

Ẹ̀gbọ́n, London ni mo wà, mo ń fi báìkì gbé oúnjẹ kiri, òtútù ń pa mí lọ́wọ́. Rọ́bà háńdù tó ń fi iná bátìrì gbóná yẹn ńkọ́?

Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n dáa gan-an, ti Oxford ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Ohun tẹ́ẹ máa ṣírò ni iná mànàmáná tó ń jẹ, ó máa ń tó bíi watts 30 sí 50, ìyẹn nǹkan bíi amps 2.5 sí 4 lórí bátìrì 12 volts. Sikútà kékeré lè má pèsè tó bẹ́ẹ̀ kó tún máa gbé iná iwájú, pàápàá tẹ́ẹ bá ń dúró ní tíráfíìkì ní gbogbo ìgbà, bátìrì á kú. Ẹ bi àwọn tó ta báìkì fún yín léèrè iye tó lè gbé. Ẹ jẹ́ kí fíúùsì wà lórí wáyà ẹ̀, kẹ́ẹ sì so ó mọ́ ibi tó jẹ́ pé tẹ́ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́ ó ti kú.

Wáyà ọwọ́ ọ̀tún náà, ẹ fi gígùn sílẹ̀ fún un, torí bẹ́ẹ bá ṣe ń yí tọ́rótù ló ń bá a yí. Tó bá nà jù á já, tó bá sì há sí ibì kan á di tọ́rótù mú.

Ṣé mo lè wọ fóòmù lé orí rọ́bà tó wà níbẹ̀?

Ó ṣeé ṣe, Grip Puppies tí wọ́n ń ṣe ní UK gbajúmọ̀ fún ìyẹn. Tó bá fún mọ́ rọ́bà dáadáa kò burú. Èyí tí ò fún, tó ń yí lórí tọ́rótù, ẹ bọ́ ọ dànù. Àwọn òwú aláràbarà tí wọ́n ń so kọ́ sẹ́nu háńdù kó máa fò, mi ò ní nǹkan sọ sí i, kó ṣáà má gùn débi táá fi wé mọ́ ọwọ́ bíréèkì.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ayédèrú?

Orúkọ tó wà lára ọ̀rá ò sọ nǹkan kan, ì báà jẹ́ Nnewi lẹ ti rà á, ì báà jẹ́ Gate n'Íbàdàn. Ẹ fún un, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì, tó bá fi ìlà funfun sílẹ̀ tàbí tó sán, ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò pa á kíkankíkan, tí dúdú bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, á burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú òjò. Kẹ́ẹ sì wo inú ihò ẹ̀, kó dán, kó má ní ìdàpọ̀ tó yọ sókè, torí ìyẹn ni kì í jẹ́ kó di irin mú yíká.

Ṣé mo lè pààrọ̀ ẹyọ kan?

Ẹ lè ṣe é, àmọ́ ìnípọn wọn ò ní dọ́gba, ọwọ́ yín á sì máa mọ̀ ọ́n. Méjì méjì ni wọ́n kúkú ń tà á.